Ìdánwò Ọ̀rọ̀ Ẹnu Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Lanu Ṣe

Pépà kẹta ni wọ́n ń pè ní ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àjọ WAEC máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tó bá fẹ́ jáde ní ilé-ìwé girama. Ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi ń dáhùn wọn, máàkì 30 sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ Gánà, Siẹra Léónì àti Gáńbíà máa ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n bá gbé sétígbọ̀ọ́ wọn nínú pépà yìí kí wọ́n tó mú ìdáhùn, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, àwa àti àwọn ará Làìbéríà, orí ìwé la ti ń ṣe tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ á jókòó sídìí tábìlì, á ka ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fàlà sí nídìí, á wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró rẹ̀ bá a mu nínú mẹ́rin tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, á sì fi pẹ́ńsù kun èyí tó bá yàn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà kò sì ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, àfi ti alámòójútó ìdánwò tó bá ń kéde pé àkókò ti ń lọ. Nígbà tí èsì bá jáde, a ó ní ọmọ yìí mọ Oral English.

Mi ò bá àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà jà o. Àwọn ọmọ tó ń jókòó fún un lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí lé ní mílíọ̀nù kan. Ta ni yóò jókòó gbọ́ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí ìdánwò náà ti sọ iṣẹ́ tíṣà dà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu kò ti sí nínú ìdánwò, ẹnu kò sí nínú ẹ̀kọ́ mọ́. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àti ní apá Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ Oral English ni kí tíṣà kọ àmì ìró sójú pátákó, kó kọ “ship” sábẹ́ ọ̀kan, kó kọ “sheep” sábẹ́ èkejì, kí àwọn ọmọ sì dà á kọ. Mo mọ àwọn ọmọ SS3 tó lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé fáwẹ́lì inú “blood” kì í ṣe ti “food”, ṣùgbọ́n bí àlejò bá yọjú sẹ́nu ọ̀nà tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wò.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, èrò mi sì ni pé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú àwọn ọmọ wa pọ̀ ju èyí tí à ń gbọ́ lẹ́nu wọn lọ. Ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún ni wọn kò ní. Èèyàn kì í dédé máa sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò wúlò fún, kó sì rí i pé etí onítọ̀hún ṣí. Ìdí nìyí tí n kò fi ń ya ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kúrò lára ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ gbígbọ́ mọ́ nínú ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú ètò tí wọ́n fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí etí, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ní ohun ìní tí a kì í kà sí. Ọmọ tó bá dàgbà sí Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín igba, igbá, ìgbà àti ìgbá kó tó mọ̀wé kọ rárá. Ó ń bá ìyá àgbà sọ Ìjẹ̀bú nílé, ó ń bá tíṣà Yorùbá sọ Yorùbá àjùmọ̀lò ní kíláàsì, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Etí tó lè ṣe èyí kì í ṣe etí òpè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé etí náà ti mọ iye ìró tó yẹ kó máa retí. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni Yorùbá ní, pẹ̀lú fáwẹ́lì àìránmúpè 7 àti àránmúpè 5. Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò ń béèrè ní kọ́ńsónáǹtì 24, ó sì ní fáwẹ́lì 20 bí a bá ka àwọn tí ìró méjì so pọ̀ mọ́ ọn. Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò ní ìró méjèèjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi “th” kọ. Kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì lé ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Ohun tí etí wa ń ṣe nígbà tó bá bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé hàn kedere nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa yá: “church” di ṣọ́ọ̀ṣì, “driver” di dírẹ́bà, “bread” di búrẹ́dì pẹ̀lú fáwẹ́lì kan láàárín àti òmíràn nípẹ̀kun. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Bí èdè ṣe ń gba àlejò nìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó bá ṣì ń gbọ́ búrẹ́dì nígbà tí wọ́n bá pe “bread”, bí a bá fi odidi ọdún kan ní kó máa pè é tẹ̀ lé wa, búrẹ́dì náà ni yóò máa pè padà fún wa, nítorí ohun tó gbọ́ nìyẹn. Etí ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

Ohun kan tún wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò yìí tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn ọmọ. Ẹ pe tíṣà, súgà, mọ́tò àti fóònù, kí ẹ sì kíyè sí ibi tí ohùn òkè bọ́ sí. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ gan-an ni etí Yorùbá fi ohùn òkè sí. Àwọn tó kọ́kọ́ yá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò jókòó sí kíláàsì kankan láti kọ́ nípa ìtẹnumọ́ sílébù, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá dé orí ìtẹnumọ́, n kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó. Mo máa ń pa ẹnu dé ni, n ó sì fi imú kùn “photograph”, lẹ́yìn náà “photographer”, lẹ́yìn náà “photographic”. Ohùn òkè máa ń sún láti sílébù kìíní bọ́ sí ìkejì, láti ìkejì bọ́ sí ìkẹta, àwọn ọmọ á sì máa sọ èyí tí mo kùn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn á ti máa kùn ún fún ara wọn. Ọmọ tí kò lè fi ìlà tàbí àmì kankan ṣàlàyé ìtẹnumọ́ á ti máa dá a mọ̀ yàtọ̀.

Ohùn nìkan kò tó ṣá o. Yorùbá máa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, kò sí èyí tó ń rẹ́ ẹnìkejì jẹ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì máa ń sáré kọjá lórí àwọn tí kò tẹnu mọ́ débi tí fáwẹ́lì wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ibí yìí ni àtẹ́wọ́ ti wúlò. Mo máa ń pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Apá kan á máa sọ “Boys eat beans”, àtẹ́wọ́ mẹ́ta. Apá kejì á máa sọ “The boys have been eating the beans”, àtẹ́wọ́ mẹ́ta náà ni, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà àkọ́kọ́, apá kejì máa ń kù sẹ́yìn bí ẹni tó ru ẹrù, nítorí wọ́n fẹ́ pe gbogbo sílébù ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Nígbà tó bá yá, wọn á rí i fúnra wọn pé kò sí bí ó ṣe lè bọ́ sí i láìjẹ́ pé “have been” kéré. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí rí kì í sọ mọ́ pé àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò BBC ń sáré jù. Ó ti mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì.

Ìbéèrè kan tún máa ń wà nínú pépà kẹta yẹn tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn, tí wọn á sì ní kí ọmọ mú ìbéèrè tí gbólóhùn náà ń dáhùn. Bí àpẹẹrẹ, “My mother cooked the FISH.” Àwọn ọmọ máa ń fi ọgbọ́n orí ṣe é: wọn á wá ìbéèrè tó ní ohun mìíràn dípò ẹja, wọ́n á sì fi pẹ́ńsù kùn ún. Wọ́n máa ń gbà á láìgbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Yorùbá ń ṣe níbi kan náà. Bí mo bá fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹran, màá ní, “Ẹja ni màmá mi sè.” Bí mo bá sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bọ̀dá mi, màá ní, “Màmá mi ló se ẹja.” Ìtò ọ̀rọ̀ la fi ń ṣe tiwa, Gẹ̀ẹ́sì lè fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà kó kàn ti ohùn bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bá ti fi èyí hàn wọ́n, mo máa ń tò wọ́n ní méjì méjì. Ọ̀kan á sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, á sì tẹnu mọ́ ibi tó bá wù ú. Èkejì á sọ ọ́ padà ní Yorùbá. Bí “ni” bá bọ́ síbi tí kò yẹ, àwọn méjèèjì á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan nínú wọn ṣe é tì, wọn á sì jọ jiyàn lórí ẹni tó jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni Yorùbá ń wá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ náà kúkú kàn án. Ilé-ìwé pọ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé wọn kò gbọdọ̀ sọ “vernacular”, tí ọmọ tó bá sọ ọ́ ń san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n fi páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Ohun tí mo ń rí níbi tí òfin yìí bá ti múlẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tíì dá a lójú, yóò yan ohun tí kò ní í kó o sí wàhálà, ìyẹn ni kó máà sọ nǹkan kan. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí èyí ti parí àríyànjiyàn náà láti ìgbà pípẹ́, àmọ́ àwa òbí àti àwọn onílé-ìwé kò fẹ́ gbọ́.

Lẹ́yìn òfin ni ẹ̀rín. Ọmọ kan á dìde, á ní “She have gone”, kó tó jókòó, ẹ̀yìn kíláàsì á ti pariwo “Gbàgàun!”, ẹlòmíràn á sì na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Ẹ̀rín á sọ. Bí tíṣà náà bá fi lè rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, ọmọ yẹn kò tún ní í dìde mọ́ títí tọ́ọ̀mù yóò fi parí. Àwa àgbàlagbà ló kọ́ wọn. Bí sẹ́nétọ̀ kan bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ lórí tẹlifíṣọ̀n, a ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí Òyìnbó bá kí wa ní “ẹ káàárọ̀” nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, àtẹ́wọ́ la ó pa fún un. Òfin tó wà ní kíláàsì tèmi ni pé ẹni tó bá pariwo gbàgàun ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, yóò sì bá a sọ ọ́ parí ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ayìnbọn ti dín kù gan-an.

Nísinsìnyí, ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún. Ìṣirò kan ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Bí ọmọ 60 bá wà ní kíláàsì, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40, bí tíṣà tilẹ̀ pa ẹnu mọ́ látòkè délẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ń dìde sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èdè tí èèyàn lè fi ìyẹn kọ́. Méjì méjì ni kí a tò wọ́n, kí ẹnu 30 máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo yóò pọ̀, ọ̀gá yóò sì gba ojú fèrèsé wò wá. N kò lè gbọ́ gbogbo wọn, n kì í sì í gbìyànjú rẹ̀. Mo máa ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́ ni, n ó máa kọ ohun tí mo bá gbọ́ sílẹ̀ fún ìparí ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Àmọ́ kí a tò wọ́n ní méjì méjì kò tó, bí àwọn méjèèjì bá mọ ohun kan náà. Bí mo bá ní kí àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò Fọlágbadé sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò wọn, kí lọ̀kan fẹ́ gbọ́ lẹ́nu èkejì? Ohun tí ọ̀kan mọ̀ tí èkejì kò mọ̀, tí èkejì sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òun ló ń mú ọ̀rọ̀ jáde. Mo fi ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ti ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Enúgu. Iṣẹ́ ọmọbìnrin ni kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, iṣẹ́ ọmọkùnrin ni kó kọ ọ́ sílẹ̀ débi pé ó lè lọ sè é. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: wọn á bó ewùrà, wọn á rin ín lójú páànù tí wọ́n fi ìṣó lù, wọn á gbé ọbẹ̀ kaná pẹ̀lú epo, ata àti ẹja. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ju ewùrà náà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ó ní, “You will be putting it small small, then you cover it.” Ọmọkùnrin náà gbé bírò sókè, ó béèrè bóyá kí òun rò ó. Ọmọbìnrin náà fi ìkánjú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: “No! If you turn it now, it will scatter. You leave it to be strong first.” Ó wá ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé bí ewùrà ṣe ń dì kó tó di pé wọ́n fi ọgbọ́n rò ó, ó lo ọwọ́, ó lo “solid”, ó lo “hard like, but not hard”. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì ju èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo tọ́ọ̀mù tó ṣáájú, nítorí ìkọ́kọrẹ́ ẹnìkan fẹ́ bàjẹ́.

Màmá ọmọbìnrin náà ń tajà ní ọjà Òkè-Ajé. Ó wá bá mi ní ilé-ìwé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

“Áńtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi ní ìkọ́kọrẹ́ lẹ ní kí àwọn máa sọ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tiẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.”

“Ṣé ìyẹn ló máa jáde ní WAEC ni?”

Mo ní kò ní í jáde. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó sì ní ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń bá òun fi Gẹ̀ẹ́sì ná ọjà fún àwọn oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Ojúde Ọba náà wúlò fún iṣẹ́ yìí, bí àwọn ọmọ bá ti ọdún Iléyá dé. Mo máa ń fi fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin tàbí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan sórí fóònù mi, n ó sì pa ohùn rẹ̀. Ọmọ kan á máa wò ó, á sì máa sọ ohun tó ń rí bí àwọn asọ̀rọ̀sọ́rọ̀ orí rédíò ṣe máa ń ṣe. Ẹnìkejì á kọ ẹ̀yìn sí i, á sì máa kọ sílẹ̀ iye ẹṣin tó kọjá, àwọ̀ aṣọ, ohun tó wà lórí àwọn tó gùn wọ́n, ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ wo fídíò náà láti yẹ ohun tó kọ sílẹ̀ wò. Ohun tí mo ń dọdẹ níbẹ̀ ni ìbéèrè ẹni tó kẹ́yìn sí i: “Which cap? Is the horse the one dancing or the man?” Títẹ́tí sílẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè àkàgbọ́yé mẹ́wàá tí tíṣà kọ sójú pátákó kò lè mú etí ọmọ ṣí tó ohun tí ìbéèrè tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwọn baba wa mọ èyí. Ohun tí àlọ́ àpamọ̀ jẹ́ náà nìyẹn, kí a ṣàpèjúwe nǹkan láì dá orúkọ rẹ̀ kí ẹlòmíràn sì máa wá a. Òrúkú tindí tindí tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí àwọn ìwé ìtọ́ni tíṣà ń tà fún wa ní owó gọbọi. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ àlọ́ ilé wọn di Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì fi pa ara wọn láyò.

Àwọn kan gbà pé bí ọmọ bá ṣáà ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dára fún ìgbà pípẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò là fúnra rẹ̀. Merrill Swain, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń kọ́ èdè, wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi èdè Faransé kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ ní Kánádà, ó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1985: àwọn ọmọ náà gbọ́ Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn tó ni èdè, ṣùgbọ́n tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, nítorí wọn kì í sábà ní ìdí láti sọ ọ́ débi tí yóò fi ṣe rẹ́gí. Etí ni ìpìlẹ̀, kì í ṣe òrùlé. Iṣẹ́ kan tí mo fi ń kún un ni èyí tí Paul Nation, òun náà onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, gbé lárugẹ, kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn ara wọn: ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ẹni àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ẹnìkejì, méjì fún ẹnìkẹta. Nítorí olùgbọ́ ń yí padà, ọ̀rọ̀ náà kò sú ẹnikẹ́ni. Nítorí àkókò ń dín kù, “ẹẹ̀n” àti “I mean” á máa já dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn ọmọ tiwa, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú méjì, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin gùn lójú ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí.

Tíṣà náà ní láti tẹ́tí sílẹ̀, ìyẹn ló sì ṣòro jù. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, wọn àkókò tí àwọn tíṣà fi ń dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá béèrè ìbéèrè, ó sì rí i pé kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n dá ara wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n dúró fún mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn tẹ́lẹ̀ sì ń dáhùn. Ọmọ tó gbọ́ ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ronú sí i ní Yorùbá, tó tún ń wá ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́, ó nílò ju mẹ́ta lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tíṣà tó ń wá ṣe iṣẹ́ àfikọ́ra lọ́dọ̀ wa láti yunifásítì tó wà ní Ìjagun máa ń sọ fún mi pé àyà àwọn máa ń já bí kíláàsì bá dákẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kó já.

Lórí àtúnṣe, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Ọmọ ní “He go to market yesterday,” tíṣà ní “Oh, he went to market,” ọmọ ní “Yes.” Àwa gbà pé a ti tún un ṣe, ọmọ gbà pé a fara mọ́ ohun tóun sọ ni. Roy Lyster àti Leila Ranta, àwọn olùwádìí lórí ìkọ́ni ní èdè, fi irú èyí hàn ní 1997, pé irú àtúnṣe tí àwọn tíṣà ń lò jù ni kì í sábà mú kí ọmọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó sàn kí n béèrè pé “Yesterday, he…?” kí n sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ fọnẹ́ ni mo fẹ́ bá àwọn òbí sọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ná owó lórí kí ọmọ máa sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó, tí ọmọ á máa fi imú sọ̀rọ̀, tí kò ní í sẹ́ni tó gbọ́ ọ, ìbáà ṣe níbí tàbí níbòmíràn. Jennifer Jenkins, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2000 lórí bí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ṣe ń gbọ́ ara wọn, fi hàn pé kì í ṣe “th” ló ń ba àgbọ́yé jẹ́. Gígùn àti kíkúrú fáwẹ́lì, àti ibi tí ìtẹnumọ́ gbólóhùn bọ́ sí, wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù. Nítorí náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ní “tink” dípò “think” kò dá wàhálà kankan sílẹ̀, àmọ́ èyí tí kò bá ya “live” àti “leave” sọ́tọ̀ lè da ọ̀rọ̀ rú. Mo ṣì ń kọ́ wọn ní “th”, nítorí ìdánwò máa béèrè rẹ̀, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ìdánwò ni mo torí rẹ̀ kọ́ wọn.

Ní ti máàkì, a kò ní láti dúró de WAEC. Nínú máàkì àyẹ̀wò àtìgbàdégbà (continuous assessment) tí tíṣà ń fún ọmọ ní tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, mo ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ, bí mo sì ṣe ń fún un nìyí: ẹnìkan á sọ̀rọ̀ fún ẹnìkejì níta gbangba kíláàsì, ẹnìkejì á sì wá sọ ohun tó gbọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ohun tí ẹnìkejì bá lè sọ ni máàkì àwọn méjèèjì. Bí alásọyé bá sọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ kò lè rántí, àwọn méjèèjì ló pàdánù; bí olùgbọ́ bá ń wo ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì náà ni. Àwọn ọmọ tó gbọ́n jù ní kíláàsì ti wá fi ẹjọ́ sùn pé kò bójú mu kí máàkì àwọn máa wà ní ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn, mo sì ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fi ń sùn, kí àwọn yẹn sì wá sọ fún mi ohun tí wọ́n ní.